Mo Wá Oríkì Ọkọ Mi Dé Knoydart

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ẹ̀pẹ́, ìyàwó ló mọ oríkì ọkọ ju ọkọ fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ ìyá mi wọlé ni, kì í ṣe ọmọ bíbí agbo ilé wa, síbẹ̀ òun ló mọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, ibi tó ti ṣí wá, ohun tí wọn kì í jẹ àti ohun tó fà á tí wọn kì í fi í jẹ ẹ́. Tí inú rẹ̀ bá dùn sí bàbá mi láàárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá wọn, orí bàbá mi á máa wú, owó ọbẹ̀ ọjọ́ náà á sì pọ̀ sí i. Èmi wá lọ fẹ́ ọmọ Kánádà ní Glasgow. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ bí mo bá fẹ́ ki ọkọ mi, ibo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀? Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa orírun rẹ̀ kò ju pé Scotland ni wọ́n ti wá, pé onílẹ̀ dáná sun ilé wọn, wọ́n bá bọ́ sínú ọkọ̀ òkun. Ó tán.

Nígbà tí a bímọ, ìyá mi kò jẹ́ kí n gbádùn lórí fóònù. "Ọmọ ta ni wọ́n?" Mo ní Macdonell ni wọ́n ń jẹ́, orúkọ ìdílé ńlá ni. Wọ́n ní mi ò bi ọ́ ní orúkọ, mo ní ilé wọn dà? Bàbá ọkọ mi ló gbà mí lọ́wọ́ wọn. Dádì, bí mo ṣe ń pè wọ́n, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àgbẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó sinmi iṣẹ́, ní Glengarry, ìlà-oòrùn Ontario, níbi tí Macdonell àti MacDonald ti pọ̀ débi pé ìnagijẹ ni wọ́n fi ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Ìyá ìyá wọn ṣì ń fi èdè Gaelic gbàdúrà kó tó sùn. Ó ti pẹ́ tí Dádì ti ń kó ìwé jọ nípa ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i kí orúnkún tó kọ iṣẹ́.

Knoydart ni wọ́n ń sọ. Etí òkun ìwọ̀-oòrùn Scotland ni. Loch Nevis wà ní gúúsù rẹ̀, Loch Hourn wà ní àríwá. Òkun gidi ni loch méjèèjì, omi iyọ̀ tó ń kún tó sì ń fà, àfi pé ó gba àárín òkè wọlé, ó sì wọnú lọ débi pé ẹni tó bá dúró ní ìparí rẹ̀ kò ní rí agbami mọ́. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Ladhar Bheinn, ga tó mítà 1,020, inú omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Kò sí títì tó so Inverie, abúlé tó tóbi jù níbẹ̀, mọ́ ìyókù Bìrìtéènì. Ẹni tó bá ń lọ, yálà kó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Mallaig, tàbí kó fẹsẹ̀ rin orí òkè fún odidi ọjọ́ méjì. Gbogbo èèyàn tó ń gbé ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ. Omi kò dẹ́rù bà mí rí, etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ọ̀sà tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn ń rí òdìkejì, ó ń gbọ́ ariwo ọjà. Ti Knoydart yìí, òkè ló yí i ká, ohùn tèmi fúnra mi ń padà wá bá mi.

Kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a jókòó ti ìwé. Ẹni tó bá ń wá ará Scotland àtijọ́, ojúlé àkọ́kọ́ ni ScotlandsPeople, ìkànnì ìjọba tí wọ́n kó ìwé ìbí, ìgbéyàwó, ikú àti ìkànìyàn sí. Wọ́n ń gba owó díẹ̀ kí o tó rí àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà má ṣe tẹ gbogbo Alexander McDonald tí o bá rí, wọn ò lóǹkà. Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọdún 1855 ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lọ́dọ̀ ìjọba tó di dandan ní Scotland. Ọdún 1853 ni wọ́n sì lé àwọn ará Knoydart. Ọdún méjì péré ló fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tó kù ni ìkànìyàn 1841 àti ti 1851, pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi tí àwọn fádà kọ, nítorí Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nínú ìkànìyàn 1851, a bá àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Dádì ní Airor, abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn Knoydart. Akọ̀wé náà lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn àti iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ onílẹ̀ láìní ìwé kankan lọ́wọ́ ni wọ́n. Dádì gbá tábìlì. Ilé ti dé! Èmi ni mo wá gbé ìwé náà ka ẹ̀gbẹ́ ti Kánádà, ọjọ́ orí kò bára mu rárá. Baba ńlá wọn gan-an ti ń gbé ọmọ lọ ṣèrìbọmi ní ìjọ Kátólíìkì St. Raphael's, ní Glengarry ti Ontario, láyé ìgbà tí àwọn ará Airor yìí ṣì ń gbin pòtétò wọn jẹ́jẹ́. Mọ̀lẹ́bí kan ní Ontario lọ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta sàréè tí gbogbo wọn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti kékeré, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ó hàn ketekete lábẹ́ ewédò: ọmọ bíbí Knoydart, ó dé ní 1802.

Dádì wo fọ́tò náà títí. Wọ́n ní, "Wọ́n sọ fún mi pé tiwa ni iná yẹn."

Tiwọn kọ́, ti àwọn ọmọ ọmọ ìyá wọn tó dúró sẹ́yìn ni. Inú bí wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹni tí wọ́n gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Lójú tèmi, kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé ní 1853 náà dé Kánádà, wọ́n bá ará ilé wọn níbẹ̀, wọ́n jókòó sídìí ààrò kan náà, wọ́n ń ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Ìtàn tó gbóná ló ń borí èyí tó tutù. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ láàárín wọn kò ní bèèrè pé ilé ẹ̀ka wo ló jó. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ẹbí àwọn ní ìtàn kan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló sọ ọ́, ìgbà wo lẹni náà sì kúrò nílé.

Àwọn tó lọ ní 1802, ojú wọn ríran jìnnà. Àgùntàn ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ gúúsù nígbà náà, owó ilẹ̀ ń ga sí i, olówó tó bá fẹ́ da àgùntàn sórí òkè lè san ìlọ́po ohun tí àgbẹ̀ kéékèèké ń san. Àwọn kan tiẹ̀ ti lọ ṣáájú wọn: ní 1786, fádà kan tó ń jẹ́ Alexander Macdonell kó nǹkan bí 500 èèyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Knoydart, lọ sí Kánádà nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Owó ara wọn ni wọ́n fi ra àyè nínú ọkọ̀. Èyí kò dùn mọ́ àwọn onílẹ̀ nígbà náà, torí wọ́n ṣì nílò èèyàn fún iṣẹ́ sísun koríko òkun di eérú tí wọ́n ń tà, àti fún iṣẹ́ ológun. Ní 1803, òfin kan jáde nípa ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí òkè òkun. Wọ́n ní ìlera èrò làwọn ń rò, àmọ́ owó ọkọ̀ ló fò sókè, tálákà kò sì lè lọ mọ́. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, tí koríko òkun kò pawó mọ́, tí àrùn sì ti ba pòtétò jẹ́ láti 1846, àwọn onílẹ̀ kan náà ló wá ń bá àwọn èèyàn yìí sanwó ọkọ̀ kí wọ́n ṣáà lè kúrò níwájú wọn. Ẹni tó bá ka èyí tí kò bú èébú kan lábẹ́lẹ̀, ó ní sùúrù jù mí lọ.

Gbogbo èèyàn ló ní ká lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú oṣù kẹfà, tí ọjọ́ gùn. Ẹnì kan tó mọ ibẹ̀ dáadáa ló ní rárá, ẹ dúró de ìgbà ìwọ́wé. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irú ewéko kan tó jọ ìmọ̀ ọ̀pẹ ń ga dé igbáàyà, ó ń bo gbogbo ahoro mọ́lẹ̀, o lè rìn kọjá lórí abúlé odindi láìmọ̀. Tó bá di oṣù kẹwàá, ewé náà á gbẹ, á pọ́n, á wó lulẹ̀. Oòrùn náà kì í ga mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tàn, òjìji á wá fi gbogbo ohun tó yọrí lórí ilẹ̀ hàn. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń jẹni lójú lẹ́nu ti kú tán. Mo fi kún un fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín ni, bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀ kí o tó gun òkè. Kí o sì tètè jáde láàárọ̀, torí ilẹ̀ ń tètè ṣú.

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa láti Glasgow lọ sí Mallaig, ó gba orí afárá Glenfinnan tó ní ojú ihò 21 tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun, tí gbogbo àwọn arìnrìn-àjò ń yọ fóònù sí. Mallaig ni ìjì ti dá wa dúró. Ọkọ̀ ojú omi kò lọ. Mi ò bínú púpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹja ṣáwá nílé bàbá rẹ̀. Ṣáwá tí à ń rà nínú yìnyín ní Ẹ̀pẹ́, tí à ń dín, tí à ń fi jẹ ẹ̀bà, òun náà ni! Wọ́n là á láti ẹ̀yìn, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n fi èéfín igi yan án títí awọ rẹ̀ fi pọ́n bí idẹ. Mo yọ ata gígún tí mo dì sínú báàgì, mo bù ú sí i. Dádì tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n tún bù ú.

Ẹja yìí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láyé àtijọ́, Loch Hourn àti Loch Nevis kún fún ṣáwá nígbà ìwọ́wé, ọkọ̀ apẹja á wọ́ wá láti gbogbo etíkun. Wọ́n ń fi iyọ̀ pa á mọ́ sínú àgbá. Apá kan nínú ṣáwá oníyọ̀ tí Scotland ń tà sókè òkun, àwọn erékùṣù Caribbean ló ń lọ, òun ni àwọn olóko ìrèké ń fi bọ́ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú. Mo sọ èyí fún Dádì bí a ṣe ń jẹun lọ. Wọ́n gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mi ò sọ ọ́ kí n lè fi dá wọn lẹ́bi, tálákà tó ń fa àwọ̀n kò mọ ibi tí àgbá ń lọ. Mo sọ ọ́ torí pé bí a bá ní a fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará àtijọ́ jẹ, ohun tí wọ́n tà náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìjì rọ̀, a kọjá. Ní ẹnu Loch Nevis, ère Màríà funfun kan dúró lórí àpáta, ó kọjú sí omi. Dádì ṣe àmì àgbélébùú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè ṣí sílẹ̀ lápá méjèèjì, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ ìgbẹ́ tí iná ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ìkùukùu gùn ún dé àyà. A gbọ́ ìró kan láti òkè, ohùn tó nípọn tó ń fà, mo rò pé màlúù ló ń bímọ. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní akọ àgbọ̀nrín ni, wọ́n ń pe ara wọn níjà nítorí obìnrin. Títí a fi kúrò níbẹ̀, wọn kò sinmi, ọ̀sán àti òru.

Ẹnì kan ní Inverie ló fi ọkọ̀ gbé wa gba ọ̀nà tóóró lọ sí apá Airor. Ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ló gbé mi débí. Mo ní ilé ọkọ mi ni. Ó wo ojú mi, ó wo Dádì, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sílé nígbà náà." Kò bèèrè nǹkan míì mọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

A rìn wọ inú ahoro. Ẹni tó bá ń wá ògiri gíga máa kọjá lára rẹ̀. Òkúta tí wọ́n tò láìlo amọ̀ ni, ó ga dé orúnkún, igun rẹ̀ rí róbótó kí atẹ́gùn lè yọ̀ kọjá. Ilé náà gùn, kò fẹ̀: èèyàn ń sùn lápá òkè, màlúù ń sùn lápá ìsàlẹ̀ kí ìdọ̀tí lè ṣàn jáde, ààrò wà láàárín ilẹ̀, kò sí ihò èéfín. Ohun tó júwe ibẹ̀ fún wa ni èsìsì. Ilẹ̀ tí èèyàn àti ẹran bá ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń lọ́ràá, èsìsì sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà níbi tí gbogbo koríko ti pọ́n, tí o bá rí ojú kan tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, lọ wò ó, àmọ́ wọ sòkòtò tó nípọn. Igi rowan kan dúró níbi tó yẹ kí ẹnu ọ̀nà wà, èso rẹ̀ pupa wẹ̀ẹ̀. Wọ́n máa ń gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà kí àjẹ́ má bàa wọlé. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ohun tó mú mi jókòó ni ebè. Ní ẹ̀yìn ilé náà, lórí ilẹ̀ tó dagun, níbi tí mo rò pé ewúrẹ́ nìkan ló lè dúró sí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn láti ẹ̀gbẹ́, ebè bá yọ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, poro sì wà láàárín wọn dúdú. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí ọkọ́ kankan ti kan ibẹ̀. Mo gun orí ọ̀kan, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ méjì, erùpẹ̀ rẹ̀ jìn ju ti ìta lọ, nígbà tó jẹ́ pé níwájú díẹ̀ àpáta ló wà lábẹ́ koríko. Àwọn ló gbé erùpẹ̀ náà wá. Wọ́n ń ru koríko òkun láti ìsàlẹ̀ omi sínú agbọ̀n lẹ́yìn, wọ́n ń dà á sórí àpáta, wọ́n ń bu ilẹ̀ lé e, títí ibi tí nǹkan kan kì í hù fi di oko pòtétò. Obìnrin ló ń ru púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn mi dùn mí bí mo ṣe ń rò ó.

Dádì ńkọ́? Wọ́n jókòó lórí ògiri, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń ráhùn pé bàtà ń ha àwọn. Mo ti ń retí kí wọ́n sunkún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni wọ́n bi mí pé báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ilé yìí gan-an ni. Mo ní a ò lè mọ̀. Akọ̀wé 1851 kò kọ nọ́ńbà sára ilé, orúkọ ló tò bó ṣe ń rìn lọ. Wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tiwa."

Ìyá mi ti sọ fún mi kí n tó lọ pé tí mo bá débẹ̀, kí n kúnlẹ̀ kí n kí wọn, pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rọ́mọ bí. Ojú kọ́kọ́ tì mí. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ sórí koríko tútù, mo ní ẹ kú ilé o, ìyàwó yín ni mo jẹ́, mo sì dá orúkọ ọmọ mi fún wọn. Dádì bèèrè ohun tí mo sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bọ́ fìlà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbìyànjú oríkì. Èmi kì í ṣe akéwì, mo kàn ṣe ìwọ̀n tí mo lè ṣe:

Ọmọ ará Airor, ọmọ etí òkun tí òkè ká mọ́,
Ọmọ a-kọbè-sórí-àpáta,
Ọmọ a-fi-koríko-òkun-bọ́-oko,
Ọmọ a-gbúròó-àgùntàn-kó-tó-dé.

Mo rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Inverie, mo pe ìyá mi, mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní ó ń bọ̀ wá dáa, ṣùgbọ́n iná dà? Mo ṣàlàyé pé iná kì í ṣe tiwọn, pé ẹ̀ka tiwọn ti lọ ní àádọ́ta ọdún ṣáájú. Ìyá mi ní, "Ọmọ ìyá wọn kọ́ ló jó ni? Fi iná sí i jàre." Mo fi sí i. Nígbà tí mo sọ fún Dádì, wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí fọ́tò òkúta yẹn ti dé.

Iná yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àjèjì ló ṣe é. Àjèjì kọ́. Macdonell ti Glengarry, ìyẹn Glengarry ti Scotland, ni olórí ìdílé, orúkọ kan náà ni òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́, wọ́n ti bá a jagun, wọ́n ń pè é ní baba. Alasdair Ranaldson Macdonell, tó kú ní 1828, náwó bí ọba, ó fi gbèsè sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ta èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn, Knoydart ló kù. Lẹ́yìn ikú ọmọ náà, opó rẹ̀, Josephine Macdonell, tó ń bójú tó ilẹ̀ fún ọmọ wọn, pinnu láti kó èèyàn kúrò kó lè rí i tà fún alágùntàn. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1853, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Sillery kó èèyàn tó lé ní 300 lọ sí Kánádà. Ìdílé bíi 16 kọ̀, wọn kò lọ. Wọ́n wó ilé lé wọn lórí, wọ́n dáná sun igi òrùlé, igi tó ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ tí kò nígbó. Donald Ross, agbẹjọ́rò kan láti Glasgow, lọ síbẹ̀ lọ́dún náà, ó kọ bí arúgbó àti aláboyún ṣe ń sùn sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ògiri, tí wọ́n tún ń padà wá wó ìyẹn náà. Ọdún 1857 ni wọ́n ta ilẹ̀ náà fún James Baird, olówó ilé iṣẹ́ irin.

Àwọn èèyàn náà gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ìdílé, pé ẹni tó bá ti gbé e, tó ti gbà á là lójú ogun, kò sẹ́ni tó lè lé e. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo ìfẹ́ tó wà láàárín baba àti ọmọ kò pọ̀ tó orúkọ kan yẹn nílé ẹjọ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1948: ọkùnrin méje, tí àwọn kan nínú wọn ti ogun dé, fi òpó pààlà ilẹ̀ díẹ̀ láti dáko lórí ilẹ̀ Lord Brocket, tó ni Knoydart nígbà náà. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì borí. Òkúta ìrántí wọn wà ní Inverie, mo dúró níwájú rẹ̀. Ọdún 1999 ni àwọn ará ibẹ̀ tó ra éékà 17,500 nínú ilẹ̀ náà nípasẹ̀ Knoydart Foundation, tí orúkọ wá di ti gbogbo wọn. Ilé ọtí wọn, The Old Forge, tí wọ́n ń pè ní èyí tó jìnnà jù ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, àwọn ará ibẹ̀ náà ló rà á ní 2022. Ibẹ̀ la ti jẹun alẹ́. Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá fún wa sọ owó tí wọ́n fi tún òrùlé ibẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀, ilé ara rẹ̀ sì ni lóòótọ́.

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, kì í ṣe nítorí àgbọ̀nrín nìkan. Ilẹ̀ ẹbí wa wà lọ́nà Ìbẹjù, láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi. Gbogbo wa la mọ ààlà rẹ̀, igi àgbọn báyìí títí dé odò, gbogbo wa la sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó jẹ́ àgbà láàárín wa. Kò sí ìwé. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́nà Lẹ́kkí, lójoojúmọ́ ni àwọn olówó ń wá bi àgbà yẹn pé èló ni. Èèyàn rere ni. Olórí Macdonell náà, títí ọjọ́ kan, èèyàn rere ni wọ́n ń pè é.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kí n tó kúrò ní Inverie. Mo ní kí wọ́n wá àwọn awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, kí orúkọ ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan wọ inú ìwé, ti àwọn obìnrin náà. Wọ́n ní ṣé Scotland ni mo ti ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìbẹjù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A ti dáwó báyìí, àwọn awọnlẹ̀ ti lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ka kan kò sì gbà kí orúkọ àwọn obìnrin wọ ìwé náà. A ṣì wà lórí rẹ̀.